Ẹran Oníyọ̀ Ilẹ̀ Ítálì: Bí A Ṣe Ń Jẹ Ẹ́, àti Èyí Tí A Lè Ṣe Nílé

Ẹ̀yin aya ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, ẹran kan wà tí iná kì í kàn rárá títí tí yóò fi di jíjẹ. A kò sè é, a kò yan án, a kò sì sá a sóòrùn bí kílíṣí àwọn Hausa. Iyọ̀, afẹ́fẹ́ tútù àti ọjọ́ gbọọrọ ni ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ. Àwọn ará Ítálì ni mo ń sọ̀rọ̀ wọn, àwọn tí wọ́n ń so itan ẹlẹ́dẹ̀ rọ̀ fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ, tí wọn yóò sì wá fi ọ̀bẹ ré e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i ní ilé ìtajà ńláńlá, ẹlòmíràn sì ń rò ó bóyá òun lè ṣe é nílé. A lè ṣe èyí tí ó rọrùn jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí iyọ̀ ń ṣe nínú ẹran, nítorí obìnrin tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé ka iwájú ọkọ àti ọmọ.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni prosciutto ìlú Parma. Itan ẹlẹ́dẹ̀ àti iyọ̀ òkun nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn yóò fi iyọ̀ pa itan náà lára, wọn yóò gbé e sí iyàrá tútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò sì so ó rọ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ òkè ti ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ibi tí ẹran bá ṣí sílẹ̀, wọn a fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ rẹ́ ẹ kí ó má baà gan. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ayẹ̀wò dé. Alábòójútó yóò mú abẹ́rẹ́ tí a fi eegun ẹṣin gbẹ́, yóò gún itan náà ní ibi bíi márùn-ún, yóò sì máa gbé abẹ́rẹ́ náà sí imú lọ́kọ̀ọ̀kan. Eegun ẹṣin a tètè gba òórùn, a sì tètè sọ ọ́ nù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yàn án. Èyí tí ó bá yege ni wọn yóò fi irin gbígbóná tẹ àmì adé sí lára. Àṣà yìí kì í ṣe ti àná: Cato, àgbàlagbà ará Róòmù kan, ti kọ bí a ṣe ń fi iyọ̀ pa itan ẹlẹ́dẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ ní ohun tí ó ju 2,000 ọdún sẹ́yìn.

Agbègbè kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Po, níbi tí kùrukùru ti ń bo ilẹ̀ nígbà òtútù, ni culatello ti wá. Ní Spilinga, ní ìpínlẹ̀ Calabria, wọ́n ń ṣe 'nduja, tí ó kún fún ata tí ó sì rọ̀ débi pé a lè fi ọ̀bẹ ra á sórí búrẹ́dì. Lójú tèmi, òun ni yóò tètè bá ọ̀nà ọ̀fun Yorùbá mu. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹran màlúù ni bresaola ti àfonífojì Valtellina, ṣùgbọ́n ẹ̀yin Mùsùlùmí yóò ṣì béèrè bí a ṣe pa màlúù náà.

Ó kan iyọ̀ wàyí. Iyọ̀ a fa omi jáde nínú ẹran, kòkòrò àìfojúrí tí ń mú ẹran bàjẹ́ kò sì lè gbèrú níbi tí omi kò tó. Bí a kò bá tíì gé ẹran odidi sí wẹ́wẹ́, inú rẹ̀ sábà máa ń mọ́, ara rẹ̀ ni ìdọ̀tí wà. Ẹran tí a bá lọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí ó wà lára rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ inú. Ìdí nìyí tí salami, tí í ṣe ẹran lílọ̀ nínú ìfun, fi léwu fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kòkòrò kan wà tí ó fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé bẹ́ẹ̀. Májèlé rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní adùn tí a fi lè dá a mọ̀. Ìpéǹpéjú ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ a wó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ a máa lọ́ lẹ́nu rẹ̀, èémí a sì lè dúró. Botulism ni orúkọ àìsàn náà, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún sọ́sééjì. Justinus Kerner, oníṣègùn ará Jámánì, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1820 àti 1822 nítorí àwọn tí sọ́sééjì ti pa. Nitrite, tí a ń pò mọ́ iyọ̀ díẹ̀díẹ̀, ni ó ń ká kòkòrò yìí lọ́wọ́ kò.

Nítorí náà, ẹ má ṣe so ẹran tútù kankan rọ̀ sí ilé ìdáná. Ìwọ̀n Celsius 10 sí 15 ni àwọn tí ń so ẹran rọ̀ sábà máa ń wá, ooru ti Èkó tàbí Ìbàdàn sì ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ nígbà púpọ̀.

Pancetta ni mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú, nítorí pé inú fíríìjì ni a ti ń ṣe é, a ó sì sè é kí a tó jẹ ẹ́. Ẹ ra ikùn ẹlẹ́dẹ̀ tútù kílò 1, kí ó jẹ́ odidi. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn iyọ̀ gíráàmù 25, ṣúgà 10, ata dúdú lílọ̀ 5, àti iyọ̀ onínitrite gíráàmù 2.5 péré. Ẹ wo ara ike rẹ̀ dáadáa: nitrite inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 6.25 nínú 100, nítorí oríṣi mìíràn wà tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má fi ṣíbí bù ú, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Àpọ̀jù nitrite jẹ́ májèlé fúnra rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé ni kí ẹ tọ́jú ike náà sí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iyọ̀ ọbẹ̀ ni.

Ẹ pò wọ́n pọ̀ mọ́ aáyù gígún, ẹ fi ra ẹran náà tinú tẹ̀yìn, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì tí kò gbóná ju ìwọ̀n 4 lọ. Ẹ máa yí i padà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7. Ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ wé e, kí ó wà lórí àgbékà fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Yóò le, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì pọ́n. Bí iná mànàmáná bá ti lọ ju wákàtí 4 tí fíríìjì kò sì tutù mọ́, ẹ má ṣe ṣàánú owó, ẹ da ẹran náà nù. Ibi tí iná kò bá dúró, ẹ ra ti ìtajà.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ará Ítálì ń jẹ ẹran wọ̀nyí, bí ìpanu ṣáájú oúnjẹ. Wọ́n a fi prosciutto wé mẹ́lọ́nì. Ìbẹ́pẹ pípọ́n náà dùn mọ́ ọn. Ó dára kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ní 2015 àwọn onímọ̀ àjọ ìlera àgbáyé nípa jẹjẹrẹ fi hàn pé jíjẹ gíráàmù 50 irú ẹran bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi ìdá 18 nínú 100 kún ewu jẹjẹrẹ ìfun. Aboyún kò gbọ́dọ̀ jẹ èyí tí a kò sè, nítorí kòkòrò inú rẹ̀ lè ṣe ọmọ inú ní ibi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Gbogbo iyọ̀ òòjọ́ rẹ̀ kò yẹ kí ó tó gíráàmù 1.

Láti se pancetta, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú páànù tútù láìsí òróró, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ yọ́ lórí iná díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jinná gan-gan. Ẹ dà á sórí sípágẹ́tì, tàbí sínú ẹ̀wà, bí àwọn náà ṣe ń ṣe. Ọ̀rá tí ó bá ṣẹ́kù sínú páànù, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì, ẹ fi dín ẹyin ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má sì fi iyọ̀ sí ẹyin náà mọ́.