Dá dúró, dá … dúró, dúró dè: ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú ìtọ́jú dísíkì àjùmọ̀lò

dá dúró (ọ̀rọ̀-ìṣe): wà ní òun nìkan, ṣe nǹkan láìfarati ẹlòmíràn. *Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè tó dá dúró ní ọdún 1960.*

dá … dúró (ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, àbọ̀ ni ó máa ń wà láàárín): mú kí ẹnì kan tàbí nǹkan ṣíwọ́. *Ọlọ́pàá dá ọkọ̀ náà dúró ní Ìkòròdú.*

dúró dè (ọ̀rọ̀-ìṣe): retí; wà ní ìmúrasílẹ̀. *Èrò ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.*

Àlàyé lórí ìlò

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní Ìkòròdú tí ó ní sáfà méjì, tí àwọn méjèèjì sì ń lo dísíkì kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ dísíkì náà wò, Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, mo sì fi ìlànà iṣẹ́ náà ránṣẹ́ lórí fóònù ní èdè Yorùbá. Mo kọ ọ́ pé: “Jẹ́ kí sáfà kejì dá dúró.” Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ó ṣíwọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà pè mí kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n pa á ni, àbí kí n jẹ́ kó máa dá ṣiṣẹ́?” Ìbéèrè yẹn ló gba àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ là. Gírámà gbólóhùn mi kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n òdì kejì ohun tí mo fẹ́ ni ó sọ.

Àgbájọ sáfà ni a ń pe kọ̀ǹpútà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n jọ ń gbé iṣẹ́ kan náà ró, kí iṣẹ́ má baà dúró bí ọ̀kan bá kú. Wọ́n máa ń fi iṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ síra wọn léraléra. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó dákẹ́ lè má tíì kú. Ó lè jẹ́ pé wáyà tó so wọ́n pọ̀ ló já. Bí sáfà kọ̀ọ̀kan bá wá gbà pé òun nìkan ló kù, àwọn méjèèjì yóò máa kọ̀wé sórí dísíkì kan náà láìmọ ohun tí ẹnìkejì ń kọ. Ètò ìtọ́jú fáìlì bí ext4 gbà pé sáfà kan ṣoṣo ló ń lo dísíkì náà. Bí ó bá di méjì, àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà yóò dàrú. Àwọn ètò kan wà, bíi GFS2 àti OCFS2, tí a ṣe kí sáfà púpọ̀ lè jọ kọ̀wé, ṣùgbọ́n dandan ni kí àwọn sáfà náà máa gbọ́ ara wọn. Ọba kì í pé méjì láàfin. Sáfà méjì tó ń dá dúró lórí dísíkì kan ni ewu tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a fi “dá dúró” sílẹ̀ fún ewu náà nìkan.

Bí a ṣe ń lò wọ́n nínú ìlànà iṣẹ́

1. Kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sí ibòmíràn, kí ẹ sì ṣí ẹ̀dà náà wò.

2. Bí ó bá jẹ́ sáfà kan ni ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ mú kí ó *dúró de* àṣẹ. Nínú Pacemaker, standby ni orúkọ ipò yìí: iṣẹ́ yóò kó lọ sọ́dọ̀ èkejì, sáfà náà kò sì ní gba iṣẹ́ mìíràn títí ẹ ó fi dá a padà.

3. Bí ó bá jẹ́ dísíkì fúnra rẹ̀ ni, ẹ kọ́kọ́ fi àgbájọ sí ipò àtúnṣe, èyí tí Pacemaker ń pè ní maintenance-mode. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àgbájọ yóò rò pé dísíkì ti bàjẹ́, yóò sì gbìyànjú láti gbé e lọ síbòmíràn nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ *dá* àwọn iṣẹ́ tó ń lò ó *dúró*, kí ẹ sì tú dísíkì kúrò lára gbogbo sáfà kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

4. Ní ipò àtúnṣe, àgbájọ ti káwọ́ lẹ́yìn. Olùtọ́jú nìkan ló ń ṣọ́ dísíkì. Ẹ má ṣe so ó mọ́ sáfà mìíràn. Ẹ dá gbogbo nǹkan padà sí ibi tí ẹ ti bá a, kí ẹ tó mú àgbájọ kúrò ní ipò náà.

Fún atúmọ̀ èdè

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fencing ti mú kí àwọn kan kọ “ṣe ọgbà yí sáfà ká.” Ọgbà máa ń dáàbò bo ẹni tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n níhìn-ín, dísíkì ni à ń dáàbò bò lọ́wọ́ sáfà. “Gé sáfà kúrò lára dísíkì” ló bá a mu. Nígbà mìíràn, pípa iná sáfà náà ni a fi ń ṣe é. Quorum ni iye ìbò tó gbọ́dọ̀ pé kí àgbájọ tó lè pàṣẹ. Bí ìbò bá jẹ́ 3, 2 ni ó gbọ́dọ̀ pé; ìdí nìyí tí a fi máa ń fún sáfà méjì ní ẹlẹ́rìí kẹta.

Ẹ má kọ: *Jẹ́ kí sáfà kejì dá dúró.*
Ẹ kọ: *Dá iṣẹ́ orí sáfà kejì dúró*, tàbí *Pa sáfà kejì*, tàbí *Mú kí sáfà kejì dúró de àṣẹ.*

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ mọ èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́, torí ẹni tó máa kà á lè má pè yín padà.