Oògùn Tí Ń Mú Iṣan Tóbi Lè Ba Ara Jẹ́

Ẹ̀yin òbí ní Alábà Rágò, Òjó àti Ìbà, bí ọ̀dọ́ ilé yín bá ṣàdédé sígbọnlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bi í léèrè ohun tí ó ń lò.

Metenolone jẹ́ oògùn àtọwọ́dá tí ó jọ họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin. Àwọn dókítà ti lò ó fún aláìsàn tí mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ kò pèsè ẹ̀jẹ̀ tó. Nítorí pé ó tún ń mú iṣan tóbi, àwọn eléré ìdárayá kan ń fi í wá agbára. Ní ọdún 2009, àyẹ̀wò rí i lára Amaka Ogoegbunam, asáré-fo-ìdènà ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n sì dá a dúró fún ọdún 2.

Ìdádúró nìkan kọ́ ni ewu rẹ̀. Ó lè sọ ohùn obìnrin di ti ọkùnrin, kí nǹkan oṣù rẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Ó lè mú kí kóró ẹpọ̀n ọkùnrin súnkì, kí àtọ̀ rẹ̀ sì dínkù. Ó lè ṣe ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ní jàǹbá, ó sì lè dá ìdàgbàsókè eegun ọmọdé dúró. Pínpín abẹ́rẹ́ lè kó àrùn éèdì ranni.

Bí ọmọ yín bá ti ń lò ó, ẹ má ṣe lé e jáde. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, oorun àti ìdárayá ni í kọ́ iṣan. Ìlera loògùn ọrọ̀.