Táǹkì Ńlá Lórí Kẹ̀kẹ́ Kékeré: Ṣé Owó Ni Àbí Pósí?

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì kì í fepo ṣòfò. Èyí tó ṣì ní pẹ́dà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, lítà 2 sí 4 ni táǹkì rẹ̀ sábà máa ń gbà. Ìyẹn á gbé olówó rẹ̀ lọ sóko, á sì gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé kì í ní in kó tó. Ẹni tó ń rìn jìnnà ò fẹ́ kí epo tán sáàárín igbó. Ló bá di pé wọ́n gbé táǹkì lọ bá wẹ́dà: "Ọ̀gá, ẹ bá mi fẹ̀ ẹ́!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kọjá eré ni ẹnubodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, láti Sẹ̀mẹ̀ títí lọ sí agbègbè Kétu. Lọ́dún gbọọrọ tí epo Nàìjíríà fi pọ́ọ́kú, àwọn onífàyàwọ́ gé Vespa àtijọ́, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ rọ táǹkì sí i, ni ẹ̀rọ tí kò yẹ kó gbà ju lítà mélòó kan lọ bá ń ru ọgọ́rọ̀ọ̀rún lítà lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu. Àwọn aláàbọ̀ ara pàápàá ń fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn ṣe é. "Kpayo" ni wọ́n ń pe epo náà níbẹ̀, ìyẹn ayédèrú, inú ìgò ni wọ́n sì ti ń tà á lẹ́bàá títì. Ẹ má bú wọn jù o. Owó yìí ló rán ọmọ ọ̀pọ̀ wọn níléèwé.

Ṣùgbọ́n iná ò mọ ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Lọ́jọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ sí ní Sèmè-Podji gbiná. Ó lé ní 30 èèyàn tó bá a lọ. Kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́ ni iná ọ̀hún ti ṣẹ́, àmọ́ irú epo kan náà ni.

IBI TÍ EWU WÀ

Lítà 100 epo bẹntiróò wúwo tó bíi kílò 75, bí ìgbà téèyàn gbé àgbàlagbà kan ni. Àgbàlagbà á jókòó jẹ́ẹ́. Epo ò ní jókòó. Bí kẹ̀kẹ́ bá yà, á rọ́ sápá kan, á sì fẹ́ fa kẹ̀kẹ́ ṣubú. Bíréèkì tí wọ́n ṣe fún ẹrù kékeré ò ní lè mú un.

Iṣẹ́ wẹ́dà gan-an tún ń kọ́? Dída epo nù ò ní kí táǹkì má léwu mọ́. Afẹ́fẹ́ epo tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, tójú ò rí, òun ló ń bú gbàmù bí iná bá kàn án.

ẸNI TÍ Ò LÈ ṢE KÓ MÁ FẸ̀ Ẹ́

Kó fi ti àtijọ́ sílẹ̀, kó ra tuntun tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ. Kó gbé e sókè ju kábúrétọ̀ lọ kí epo lè ṣàn wálẹ̀, kó sì jìnnà sí sàláńsà. Ihò tín-ín-rín gbọ́dọ̀ wà lórí ìdérí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ọ̀nà tòun ti epo nínú. Kó fi asẹ́ sọ́nà epo. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún, bí epo bá ṣe pọ̀ sí i ni kí ọ́ìlì náà pọ̀ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á nọ́ọ̀kì.

Lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Lítà tí kò tó náírà 200 ń lọ sí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èrè àwọn onífàyàwọ́ dínkù lọ́dún náà. Ewu ibẹ̀ ò fi lítà kan dín.

Ẹni tó ru ẹyin kì í jà lọ́jà. Ẹni tó wá gbé iná sábẹ́ ìdí ara rẹ̀ ńkọ́?