Bí Ìjọba Britain Bá Kọ̀ Láti Sọ Ẹni Di Ọmọ Ìlú Nítorí Iye Ọjọ́ Ìgbélùú

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Britain. Ẹnìkan ti pẹ́ nílùú, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń san owó orí, ó sì ti gba ìwé àṣẹ ìgbé tí kò ní gbèdéke. Ó kọ̀wé láti di ọmọ ìlú, ó sì san owó tó lé ní £1,500. Nígbà tó yá, lẹ́tà dé láti Home Office pé àwọn kò gbà, nítorí pé kò kún ojú òṣùwọ̀n iye ọjọ́ tí òfin ní kí ó fi gbé ìlú náà. Ìtìjú kì í jẹ́ kí àwọn mìíràn lè sọ ọ́ fún ará ilé, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rù pé ìjọba fẹ́ lé àwọn lọ. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn, kí a lè mọ ohun tó gbé ẹni ṣubú.

Ohun tó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi ọkàn wa balẹ̀ ni pé, bí ó bá jẹ́ iye ọjọ́ nìkan ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ̀, ìwé àṣẹ ìgbé ẹni náà ṣì wà síbẹ̀. Ó lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè máa gbé ilé rẹ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́ lórí ìwà ẹni. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, a sì lè tún ìṣirò ṣe.

Ohun tí òfin béèrè

Òfin Jíjẹ́ Ọmọ Ìlú Britain ti ọdún 1981 ló gbé ìlànà náà kalẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ Britain gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 5 kí ìwé rẹ̀ tó dé ọwọ́ ìjọba. Láàárín ọdún 5 náà, kò gbọ́dọ̀ lò ju 450 ọjọ́ lọ lẹ́yìn odi ìlú, kò sì gbọ́dọ̀ lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú oṣù 12 tó kẹ́yìn. Ó tún gbọ́dọ̀ ti ní ìwé àṣẹ tí kò ní gbèdéke lọ́wọ́ fún oṣù 12 gbáko.

Ẹni tó fẹ́ ọmọ Britain níyàwó tàbí lọ́kọ ní tirẹ̀, ọdún 3 ni, pẹ̀lú 270 ọjọ́ lẹ́yìn odi. Iye 90 ti ọdún tó kẹ́yìn kò yí padà. Kò pọn dandan kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró fún oṣù 12 lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ tí kò ní gbèdéke, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti ní i lọ́jọ́ tó bá kọ̀wé.

Ìlànà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọdún 5 tàbí 3 náà, ẹsẹ̀ ẹni gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ Britain. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnìkan lọ ṣe Kérésìmesì nílé ní oṣù Kejìlá 2019, tó sì padà ní ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní 2020. Bí ìwé rẹ̀ bá dé ọwọ́ ìjọba ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní 2025, ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní 2020 ni ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, Ìbàdàn ló sì wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n lè tìtorí èyí nìkan kọ ìwé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpapọ̀ ọjọ́ tó lò lẹ́yìn odi kéré. Bí ó bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí i ni, ìṣòro náà kì bá tí wáyé.

Bí a ṣe ń ka ọjọ́

Wọn kì í ka ọjọ́ tí ènìyàn jáde àti ọjọ́ tó wọlé mọ́ ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn odi. Ẹni tó jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá tó sì padà ní ọjọ́ 20, ọjọ́ 18 ni wọn yóò kà sí i lọ́rùn. Àwọn ohun tó ń jẹ ọjọ́ wa kò ṣòro láti mọ̀: ìsìnkú òbí, ìgbéyàwó ọmọ, àìsàn ẹbí, ilé tí à ń kọ́ sílé. Kò sí ọ̀kan tó burú nínú wọn, ṣùgbọ́n òfin kò fi ti ọ̀wọ̀ òkú ṣe nígbà tó bá ń ka ọjọ́.

Síbẹ̀, àánú díẹ̀ wà nínú ìlànà náà. Bí gbogbo nǹkan yòókù bá pé, àwọn òṣìṣẹ́ sábà máa ń fojú fo àṣejù tí kò bá ju 480 ọjọ́ lọ nínú ọdún 5, àti 100 ọjọ́ nínú ọdún tó kẹ́yìn. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ gba ẹ̀rí tó lágbára pé Britain ni ilé, ẹbí àti dúkìá ẹni wà. Ní ti ọjọ́ àkọ́kọ́, òfin tuntun ti ọdún 2022 fún ìjọba láyè láti ṣíjú àánú wo ẹni tí ìdí pàtàkì kan, bí àìsàn, kò jẹ́ kí ó lè wọlé.

Kí ni ṣíṣe bí lẹ́tà bá dé?

Ẹ ka lẹ́tà náà dáadáa, kí ẹ mọ ìlànà tí wọ́n ní ẹ kò pé. Ẹ kó gbogbo ìwé ìrìnnà jọ, ti àtijọ́ àti ti tuntun, kí ẹ sì tún ọjọ́ kà fúnra yín.

Bí ó bá jẹ́ pé Home Office ló ṣìrò, tàbí tí wọn kò tẹ̀lé ìlànà ara wọn, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní NR wà tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Owó wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá gbà pé ìjọba tàpá sófin lè ní kí Ilé Ẹjọ́ Gíga yẹ ìpinnu náà wò, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù 3 lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìṣirò ìjọba ló tọ́, ẹ má ṣe fi owó ṣòfò lórí NR. Ẹ dúró. Bí oṣù ti ń kọjá ni ìrìn àjò àtijọ́ ń jábọ́ kúrò nínú ọdún 5 náà, bí ẹ kò bá sáà ti fi tuntun kún un. Kò sí iye àkókò tí òfin ní kí ẹ fi jìyà kí ẹ tó tún kọ̀wé. Ọjọ́ tí iye náà bá ti pé ni ẹ lè tún un kọ, pẹ̀lú owó tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ fi ìbínú jókòó sílé: ìwé àṣẹ ìgbé tí kò ní gbèdéke máa ń kú bí ẹni tó ni ín bá lò ju ọdún 2 lọ léraléra lẹ́yìn odi.

Ọ̀rọ̀ fún àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run

Ẹni 2 ni òfin ní kí ó jẹ́rìí sí ìwé, òjíṣẹ́ ìsìn sì wà lára àwọn tí wọ́n ń gbà. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí i fún ẹni tí ẹ kò tíì mọ̀ fún ọdún 3. Ẹ má sì ṣe kọ lẹ́tà pé ẹnìkan wà nínú ìsìn lọ́jọ́ tí ẹ mọ̀ pé Nàìjíríà ló wà. Irọ́ inú ìwé yìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ó lè ba ìbéèrè ẹni náà jẹ́ fún ọdún gbọọrọ, ìjọba sì lè gba ipò ọmọ ìlú padà lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹ̀tàn gbà á. Ìṣòro tí sùúrù oṣù díẹ̀ ì bá yanjú á wá di àbùkù ìwà.

Bákan náà, òfin Britain ti ọdún 1999 kò gba ẹni tí kò ní àṣẹ láyè láti máa gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú àti jíjẹ́ ọmọ ìlú, kódà bó bá jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọ ni láti tọ́ka ará sí agbẹjọ́rò tàbí olùgbaninímọ̀ràn tó ní àṣẹ, kí ó sì dúró tì í nínú àdúrà àti ìtùnú. Kí olúkúlùkù sì ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tó jáde àti ọjọ́ tó wọlé sí. Ìwé kékeré náà ni yóò gbà yín lọ́jọ́ ìṣirò.