Nọ́ọ̀tì irin lára fèrèsé alumíníọ̀mù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, ẹ kíyè sí nọ́ọ̀tì irin tẹ́ ẹ fi ń dè é. Bí irin oríṣi méjì bá fara kanra, tí omi sì débẹ̀, iná díẹ̀ máa ń gba àárín wọn, ọ̀kan á máa jẹ. Alumíníọ̀mù ló sábà máa ń fara gbá a.

Ère Liberty ní New York, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1886, kò bọ́ níbẹ̀: bàbà lawọ rẹ̀, irin leegun. Nígbà tóhun tí wọ́n fi pín wọn níyà gbó, irin dípẹtà, owó ńlá ló bá àtúnṣe 1984 sí 1986 lọ.

Lọ́dún 1991, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ IBM gbé ọ̀nà kan jáde: abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ń rìn lókè irin, ó ń wọn ìyàtọ̀ agbára iná ojú rẹ̀. Àwọn olùwádìí fi ń wá ibi tó ti lè kọ́kọ́ jẹ. Ẹ̀rọ ọ̀hún kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ wọ́ṣà onírọ́bà wà lọ́jà.