Ibi tí Àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì Wa ti ń Wá

Nígbà tí a wà ní kíláàsì kejì, ẹlẹgbẹ́ wa kan dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀, ó sì pe ìyá náà ní “he”. Ẹ̀rín sọ. Títí sáà náà fi parí, kò nawọ́ sókè mọ́.

Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún un pé “ó” kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní kí a yan “he”, “she” tàbí “it”. Bákan náà, ọmọ tí a kọ́ nílé kò jẹ́ fi “ó” pe bàbá rẹ̀. “Wọ́n” ni yóò wí. Bí ó bá sọ ọ́ di “they” nínú àròkọ, olùkọ́ yóò fi bírò pupa fa ìlà sí i. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó gba máàkì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti “sorry” ni mo fẹ́ gbèjà. Bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ lórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, “pẹ̀lẹ́” ni a óò kí i. Bí a bá fi “sorry” kí òyìnbó, ó lè bi wá pé ṣé àwa ni a ti òun ni. Síbẹ̀, n kò lè pe ìbákẹ́dùn ní àṣìṣe.

Èyí tí ó ń bí mi nínú ni “severally”, tí àwa àgbà ń kọ sínú lẹ́tà nígbà tí a bá fẹ́ sọ pé a ti pe ẹnìkan léraléra. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó túmọ̀ sí, a kò sì lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru èdè abínibí wa.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń ròyìn ìyá rẹ̀ tí ó wí pé “he”, ẹ fi “she” dá a lóhùn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó parí ìtàn rẹ̀.