Ọkọ̀ Eré Onípákó: Wíìlì Kékeré Kan Ló Ya Margate àti Coney Island Sọ́tọ̀

Láti Mile 12 sí Ketu, dánfó á gbọ̀n yín jìgìjìgì, kò sì ní tìtorí ẹ̀ gbowó kún owó ọkọ̀. Lókè òkun, ńṣe làwọn èèyàn ń tò sórí ìlà, tí wọ́n ń sanwó kí wọ́n lè gbọ̀n wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ eré tí wọ́n ń pè ní roller coaster. Irin ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lóde òní, àmọ́ àwọn onípákó àtijọ́ ṣì kù. Méjì nínú wọn kò jìnnà síbi táwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí: Scenic Railway ti Dreamland ní Margate, tí ẹni tó wà ní London lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, àti Cyclone ti Coney Island ní Brooklyn, New York.

Ọdún 1920 ni ti Margate bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ti Brooklyn bẹ̀rẹ̀ ní 1927. Ọdún méje kì í ṣe nǹkan, síbẹ̀ eré wọn kò jọra rárá.

Méjèèjì kò ní ẹ́ńjìnnì lára. Ẹ̀rọ ilẹ̀ ló ń fà wọ́n gòkè. Tí wọ́n bá ti dé ṣóńṣó, òòfà ilẹ̀ ló ń sáré fún wọn. Ìdí nìyẹn tí òkè tó tẹ̀ lé e kò fi lè ga tó ti ìṣáájú, àyàfi tí ẹ̀rọ bá tún fà wọ́n.

Ní Margate, ńṣe ni wíìlì kàn jókòó sórí irin. Kò sóhun tó dì í mọ́lẹ̀ lábẹ́. Tó bá sáré jù lórí òkè, ó lè fò kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ bá wọn lọ, kó dúró sórí ọkọ̀ bíi kọ́ńdọ́, kó máa tẹ bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Luna Park ní Melbourne, Ọsirélíà, láti 1912.

Ní 1919, ará Amẹ́ríkà kan, John Miller, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí wíìlì mìíràn tó ń yí lábẹ́ irin. Ọkọ̀ kò lè fò mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí Cyclone lè já bọ́ láti ẹsẹ̀ bàtà 85, kó sì sá tó máìlì 60 ní wákàtí kan. Leap-The-Dips ti Pennsylvania, ọkọ̀ eré onípákó tí wọ́n kọ́ ní 1902 kí wíìlì yẹn tó dé, nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá péré ló máa ń sá ní wákàtí kan.

Ohun kan wà tó máa ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: irin ni òpó Cyclone. Ojú ọ̀nà rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi pákó tò léra, tí wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ bò. Pákó a máa fì díẹ̀ tí ọkọ̀ bá ń kọjá, ibẹ̀ ni ariwo àti gbígbọ̀n yẹn ti ń wá.

Pákó náà ló sì ń kó wọn sí wàhálà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, iná jó ti Margate. Ọdún 2015 ló tó padà ṣíṣẹ́. Pákó tuntun pọ̀ lára rẹ̀ báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ kí àyà òun já, kó lọ sí Brooklyn. Margate lèmi ó mú, torí pé ojú yín ni wọ́n ti máa tẹ bíréèkì náà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn onípákó yìí a máa wà ní títì fún àtúnṣe.